Oògùn Aláìlórúkọ Inú Ọ̀rá

Ní Ìjàgbó, tó fara ti Ọ̀fà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní ìpínlẹ̀ Kwara, bó ṣe rí ní ìlú àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo nílẹ̀ Yorùbá náà ló rí: ẹni tí orókún tàbí ẹ̀yìn ń ro kì í kọ́kọ́ ronú ọsibítù. Kẹ́míìsì ló máa ń yà sí. Yóò ní kí wọ́n bá òun po oògùn ara ríro. Ẹni tó wà nídìí káńtà yóò ṣí ike kan, yóò ṣí ìkejì, yóò ka funfun, yóò ka pupa, yóò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, yóò sì dì í. "Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó o, bàbá." Kò sí ìwé nínú ọ̀rá náà, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò mọ́, orókún tó le bí igi yóò ká, ọwọ́ tí kò lè di ọkọ́ mú yóò dì í, oníbàárà yóò sì máa yin oníkẹ́míìsì káàkiri àdúgbò. Láàárín àwọn hóró oògùn bẹ́ẹ̀, funfun kékeré kan wà tó sábà máa ń jẹ́ pé òun gan-an ló ṣe iṣẹ́ ìyanu yẹn. Ó lè jẹ́ prednisolone, ó lè jẹ́ dexamethasone. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, nínú ìdílé oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì. Oògùn ńlá ni, ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, n kò sì ní bú u. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwọ̀n rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí a fi lò ó ló sọ ọ́ di oògùn. Bí a bá ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó lè ka ọjọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ bí yóò ṣe kúrò lára láìṣe ẹni ní jàǹbá. Àìlórúkọ yẹn ni ewu tó wà nínú ọ̀rá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gún bá gún ni lẹ́sẹ̀, tí ibẹ̀ wú, tó pọ́n, tó gbóná, tó ń ro, ara fúnra rẹ̀ ló fà á. Ó rán àwọn jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ láti lọ bá kòkòrò jà. Ìjà yẹn ló ń mú kí ojú egbò gbinikún, ìjà rere sì ni, nítorí bí kò bá sí i, egbò kékeré ni ìbá máa pa wá. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ara á ṣi ọ̀tá mọ̀, tí yóò dojú ìjà kọ oríkèé tàbí kíndìnrín tirẹ̀. Gbogbo Yorùbá ló mọ Ọ̀fà, aládùúgbò Ìjàgbó, mọ ìjàkadì. Ẹni tó bá ti dúró wo ìjàkadì rí mọ iṣẹ́ ẹni tó ń la àwọn tó wọ̀yá ìjà. Ọ̀kan lára àwọn onílàjà tó lágbára jù lọ tí ìṣègùn ní ni sítẹ́rọ́ìdì. Bó bá ti wọ agbo, gbogbo ọwọ́ ló ń já kúrò lára ara wọn. Àmọ́ kò ní béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Yálà ara ń bá oríkèé tirẹ̀ jà ni o, yálà kòkòrò ti wọ inú orókún tó sì ti ń di ọyún níbẹ̀ ni o, ìrora á rọlẹ̀. Ìdí nìyí tí oògùn inú ọ̀rá kì í fi í sábà tàsé. Ìdí náà sì nìyí tí ìtura tó mú wá kò fi sọ ohunkóhun fún wa nípa àìsàn tó wà nílẹ̀. Ẹni tí orókún rẹ̀ ní ọyún nínú lè máa rìn lọ sọ́jà pẹ̀lú ayọ̀ nígbà tí kòkòrò ń jẹ egungun rẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ fún aláìsàn oríkèé ní oògùn yìí rí ìyanu náà bí àwa náà ṣe ń rí i. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948, ní Mayo Clinic ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún obìnrin kan ní abẹ́rẹ́ cortisone, ọ̀kan nínú ìdílé sítẹ́rọ́ìdì. Aromọléegun, irú èyí tí ara fi ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di arọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin náà ń rìn. Ní 1950, wọ́n fún Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein ní Ẹ̀bùn Nobel. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé àwọn kan náà tó rí ìyanu yìí ló tètè rí ẹ̀yìn rẹ̀: bí wọ́n bá dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, ìrora á padà, bí wọ́n bá ń bá a lọ, ojú aláìsàn á wú, ara rẹ̀ á sì máa yí padà. Láti ìgbà tí aráyé ti mọ oògùn náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ń paná ìrora, pé kì í hú gbòǹgbò àìsàn. Prednisolone, tí a ń gbé mì ní hóró, dé ní 1955, dexamethasone kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ni wọ́n sọ oògùn tó ṣọ̀wọ́n di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí rà.

Ara wa pàápàá ń po sítẹ́rọ́ìdì tirẹ̀. Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ẹran kékeré kan jókòó bíi fìlà. Ibẹ̀ ni oògùn àbáláyé yẹn ti ń jáde lójoojúmọ́, pàápàá ní ìdájí. Òun ló ń jẹ́ ká lè dìde lórí ẹní, òun ló ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ró, òun ló ń jẹ́ kí ara dúró nígbà tí ibà tàbí jàǹbá bá kọlù wá. Gbogbo ohun tí ara ń pò lóòjọ́ kò ju ohun tó bá hóró prednisolone 5 mg kan dọ́gba lọ. Dexamethasone lágbára ju ìyẹn lọ: 0.75 mg rẹ̀ ló bá 5 mg prednisolone dọ́gba. Hóró rẹ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ 0.5 mg. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó gbé méjì mì láàárọ̀, tó tún gbé méjì mì lálẹ́, ti gba 2 mg. Ìyẹn ju 13 mg prednisolone lọ, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí ara rẹ̀ ń pò lọ, látinú hóró mẹ́rin tí a kò ní mọ̀ bí wọ́n bá já bọ́ láàárín ìka wa. Oníkẹ́míìsì tó ń fi ojú wọ̀n, tó ń fi ọwọ́ bù ú, ń wọ̀n ohun tí ojú àti ọwọ́ kò lè wọ̀n.

Baálé tó gba alágbàṣe sí oko, tí alágbàṣe ń kọ gbogbo ebè láìkù síbì kan, àwọn ọmọ ilé á lọ jókòó sábẹ́ igi. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò tíì gbàgbé ọkọ́. Bó bá di oṣù mẹ́ta, ọwọ́ wọn á ti rọ̀, àwọn mìíràn á ti bá tiwọn lọ. Báyìí ló ṣe ń rí fún ẹran orí kíndìnrín nígbà tí sítẹ́rọ́ìdì bá ń ti ẹnu wọlé lójoojúmọ́: ó ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó sì ń súnkì. Àwọn oníṣègùn máa ń fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ààlà. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọn kì í dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí àwọn ọmọ ilé lè padà sídìí ọkọ́. Ẹni tó ń ra ọ̀rá kò mọ ìyẹn. Owó tán lọ́sẹ̀ yìí, tàbí ó rìnrìn àjò lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Èkó, tàbí kẹ́míìsì ti ilẹ̀kùn. Alágbàṣe kò wá mọ́, kò sì sẹ́nì kankan lóko. Á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà nù. Inú á máa run ún, á máa bì, òòyì á máa kọ́ ọ bó bá dìde. Bí ibà bá wá bá a nírú àkókò bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ kó sì bá a lọ. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pé ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro: omi àti abẹ́rẹ́ hydrocortisone, bí wọ́n bá tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀? Dókítà á béèrè oògùn tó ń lò, ìdáhùn á sì jẹ́ "oògùn ara ríro". Ibà tàbí táífọ́ọ̀dù ni wọ́n á kọ́kọ́ máa wá.

Àwọn kan á sọ pé, bí ewu rẹ̀ bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí dókítà fi ń kọ ọ́ fún èèyàn? Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ ló sì gbé ọ̀rọ̀ mi ró. Dókítà ń fún ẹni tí ikọ́ fée fẹ́ dá mọ́ àyà ní prednisolone fún bí ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ń fún ọmọdé tí kíndìnrín rẹ̀ ń jò tí gbogbo ara rẹ̀ sì wú. Wọ́n ń fún adẹ́tẹ̀ tí iṣan rẹ̀ wú kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa rọ. Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà Kòrónà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ìwádìí RECOVERY tí Yunifásítì Oxford darí fi hàn pé 6 mg dexamethasone lójúmọ́, tí kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 10 lọ, dín ikú kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn aláìsàn tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń báni mí, àti ní bí ìdá kan nínú márùn-ún láàárín àwọn tó ń gba ọ́síjìn láìsí ẹ̀rọ náà. Àwọn tí kò nílò ọ́síjìn kò rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Hóró kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọjọ́ kan náà: ó gba ẹnì kan là, kò ṣe ẹnì kejì lóore. Gbogbo ìyàtọ̀ náà wà nínú mímọ ẹni tí a ń fún, iye tí a ń fún un, àti ọjọ́ tí yóò parí. Ní ti ẹ̀yìn ríro lásán tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí kẹ́míìsì, ìwádìí kò fi hàn pé hóró sítẹ́rọ́ìdì ń ṣe é ní àǹfààní. Orókún tí ọjọ́ orí àti ẹrù rírù ti jẹ pàápàá, ìṣègùn kì í fi sítẹ́rọ́ìdì ojoojúmọ́ tọ́jú rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti ẹni tó sọ pé bàbá òun ti ń lò ó láti ọdún mélòó kan, nǹkan kan kò ṣe é, kódà ó tún sanra sí i. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ sísanra yìí, nítorí ibẹ̀ ni oògùn náà ti ń tan àwa Yorùbá jẹ jù. Lójú wa, ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí ọrùn rẹ̀ nípọn, tí ikùn rẹ̀ yọ, ara ló dẹ̀ ẹ́. A máa ń kí i pé ó ti ń gbádùn. Sítẹ́rọ́ìdì tó pẹ́ lára ń ṣe ohun wọ̀nyí gan-an: ojú á kún roboto bí òṣùpá, ọ̀rá á kó jọ sẹ́yìn ọrùn, ikùn á tóbi, oúnjẹ á máa wu ni jẹ ṣáá. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá àti itan rẹ̀, wọ́n ń rù ni. Ẹ wo awọ ara, ó ti fẹ́lẹ́ bíi bébà, ìfọwọ́kàn díẹ̀ á sọ ọ́ di dúdú. Ó fẹ́ dìde lórí àga, ó ní láti fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan tilẹ̀ wà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé dexamethasone mì nítorí àtisanra, láìmọ̀ pé àmì àìsàn ni wọ́n ń fi owó rà. N kò mọ oògùn mìíràn tí ìpalára rẹ̀ ń wọ aṣọ ìlera báyìí, tí gbogbo àdúgbò sì ń bá ẹni tó ń ṣe yọ̀.

Nípa pé nǹkan kan kò ṣe bàbá náà, ta ló wò ó? Egungun ń fẹ́lẹ́ láìro, láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ló sì ń yá jù; ọjọ́ tó bá yọ̀ nílé ìwẹ̀ tí itan rẹ̀ sì kán la ó mọ̀. Orí egungun itan lè kú nínú ihò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ní ewu yìí tẹ́lẹ̀. Ojú ń ṣú. Ìtọ̀ ṣúgà ń yọjú, ẹ̀jẹ̀ ń ru, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti ń sùn lára fún ogún ọdún lè jí. Bí a bá tún pò ó mọ́ oògùn ìrora bíi diclofenac tàbí piroxicam, tí wọ́n sábà máa ń wà nínú ọ̀rá kan náà, ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kò jìnnà. Aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé sára ẹni tó ń rìn láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ ọ̀rinrin. Ó lè gbé inú èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìhùwà, ṣùgbọ́n bí sítẹ́rọ́ìdì bá ti bo àwọn ẹ̀ṣọ́ ara mọ́lẹ̀, yóò pọ̀ lójijì, yóò sì tàn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè pani. Àgbẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀rù èyí jù. Kódà lílo ìgbà díẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, lórí àgbàlagbà tó ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ ní Amẹ́ríkà, rí i pé ní ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀lé lílo sítẹ́rọ́ìdì oníhóró fún ìgbà díẹ̀, kí májèlé kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ fi bí ìlọ́po márùn-ún pọ̀ sí i, kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan fi bí ìlọ́po mẹ́ta, egungun kíkán sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni pé iye àwọn tó kàn kò pọ̀ láàárín gbogbo wọn, n kò sì fẹ́ fi dẹ́rù ba ẹni tí dókítà fún ní ti ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà bá mú bàbá wa, a ó ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Nígbà tí itan rẹ̀ bá kán, a ó ní ọjọ́ orí ni, àwọn mìíràn á tilẹ̀ ní ayé ló ṣe é. Oògùn tí kò lórúkọ kì í jẹ̀bi. Ẹlòmíràn ló máa ń ru ẹ̀bi rẹ̀.

Àwọn kan á ní nítorí èyí làwọn ò ṣe ń lo oògùn òyìnbó, pé àgbo làkúrègbé làwọn ń mu ní tàwọn, ewé àti egbò kì í sì í ṣe ni ní jàǹbá. Mo bọ̀wọ̀ fún ewé àti egbò, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń fi òótọ́ inú ṣe é wà. Ẹ jẹ́ ká rántí síbẹ̀ pé iṣu ìgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n lò láti fi ṣe sítẹ́rọ́ìdì láyé àwọn ọdún 1940 àti 1950. Ní 1951, ilé iṣẹ́ Syntex ní Mẹ́síkò ṣe cortisone láti ara rẹ̀. Iṣu tí à ń gún jẹ ní Kwara kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ bí ohun kan ti inú ilẹ̀ wá, ìyẹn kò sọ bí agbára rẹ̀ ti tó. Ọ̀ràn tó le jù ni ti àwọn tó ń da hóró lúbúlúbú sínú àgbo kí ó lè "jẹ́" kíákíá. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2022, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé wọ́n bá dexamethasone àti diclofenac nínú Artri King, èyí tí wọ́n ń tà bí oògùn ewé fún oríkèé, láìjẹ́ pé orúkọ ìkankan nínú méjèèjì wà lára ike. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ àti ti ikú. Àgbo tó bá mú ìrora ọdún mẹ́ta lọ ní òru ọjọ́ kan, tí ìrora náà sì padà pẹ̀lú ìbínú bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó yẹ kí a fura sí i.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun ni n kò lè fi ẹnu lásán dá lóhùn. General Hospital wà ní Ọ̀fà, kò sì jìnnà sí Ìjàgbó, ṣùgbọ́n káàdì ń gba owó, àyẹ̀wò ń gba owó, ọjọ́ tí a fi jókòó níbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí a ò fi ṣiṣẹ́. Oníkẹ́míìsì wà ní ìtòsí, ó mọ orúkọ ìyá wa, ó sì ń tà ní àwìn. Ẹni tó bá ní kí a ti gbogbo kẹ́míìsì pa kò fẹ́ràn tálákà. Kwara yìí náà ti fi hàn pé bí ògiri owó bá wó, àwọn èèyàn á gba ọ̀nà ìtọ́jú: ètò adójútòfò ìlera tó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣóńgà ní 2007, tó sì dé àgbègbè Àfọ̀n lẹ́yìn náà, jẹ́ kí àgbẹ̀ san owó táṣẹ́rẹ́ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 rí i pé ìfúnpá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru wálẹ̀ ní ibi tí ètò náà dé ju ibi tí kò dé lọ. Irú rẹ̀ ló yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni gbogbo ní Ọ̀yun. Kí ó tó dé, ohun kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ju bírò lọ. Òfin kò gba oníkẹ́míìsì tí kì í ṣe apòògùn láyè láti ta sítẹ́rọ́ìdì oníhóró. Kí ó má tà á ló dára jù. Èyíkéyìí tó bá sì tà, kí ó tà á nínú páálí rẹ̀ tí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, tàbí kí ó kọ orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti déètì sára ọ̀rá. Bó bá ní òun ò lè kọ orúkọ ohun tí òun ń tà fún wa láti gbé mì, a ti gbọ́ ohun tó yẹ ká gbọ́.

Ẹni tó bá ti ń lo irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tó wá ka ọ̀rọ̀ yìí tí ẹ̀rù sì bà á, kó má dà á nù lálẹ́ òní. Bákan náà ni ẹni tí dókítà kọ prednisolone fún nítorí ikọ́ fée, kíndìnrín tàbí aromọléegun: kó máa lò ó láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Kí ẹni tó ń lo ọ̀rá gbé ọ̀rá náà dání pẹ̀lú hóró tó kù nínú rẹ̀, kó mú un lọ sí ọsibítù tàbí sọ́dọ̀ apòògùn tó mọṣẹ́. Wọ́n á béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: kí ni orúkọ rẹ̀, mélòó lójúmọ́, láti ìgbà wo. Bí kò bá mọ ti àkọ́kọ́, kó fi hóró náà hàn wọ́n, kó sì sọ méjì tó kù láìfi nǹkan kan pamọ́. Látibẹ̀ ni wọ́n á ti máa dín in kù fún un, hóró kan lẹ́yìn òmíràn, ó lè gba oṣù mélòó kan, orókún náà yóò sì tún máa ro. Nígbà náà ni wọ́n á tó lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa láti mọ ohun tó ń ṣe é.